Ẹ̀ẹ̀mẹta Ni Onírun Ń Ké E

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹta, 1995

Bàbá mi, onígbàjámọ̀ àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìdúró, ẹ sì kú orí àwọn oníbàárà tí kì í dúró jẹ́ẹ́. Ṣé ara le? Ṣé eékún yín ò tíì kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀? Ní tèmi, ara mi yá, àfi ọwọ́ mi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sè jinná. Inú yàrá ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà ni mo ṣì wà, nísàlẹ̀ ilé, níbi tí oòrùn kì í dé. Àwọn tó wà lókè á da aṣọ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún wa, èmi àti ìyá àgbàlagbà kan tí gbogbo wa ń pè ní Màdáámù Áyọ́ọ̀nù á di etí rẹ̀ mú, a ó fà á, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó ká a. Bí ẹ bá rí ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe sórí aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí kì í ṣe tiwọn, ẹ ó máa gbàdúrà fún ayé.

Ìròyìn tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé rè é. Lánàá, bí mo ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo rí àwòrán ńlá kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri nítòsí ibùdókọ̀. Mo wò ó, mo tún un wò. Irun yẹn ni mo kọ́kọ́ dá mọ̀. Bàbá, Onírun ni! Onírun tó wà lára páálí àwo orin tí ẹ kàn mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, èyí tí ẹ fi ń ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí ẹ̀ ń gẹ irun fún gbogbo géńdé àdúgbò. Èmi rò pé ó ti kú. Ó ń bọ̀ wá kọrin níbí lóṣù Kẹfà, ní pápá bọ́ọ̀lù. Ojú rẹ̀ ti hunjọ bí aṣọ tí áyọ́ọ̀nù ò tíì kàn, àmọ́ ó ṣì gbé gìtá yẹn sí ìbàdí bí ẹni tó fẹ́ fi yìnbọn. Mo dúró síbẹ̀, mo ń kọ orin yẹn lábẹ́lẹ̀, mo sì ké ibi ariwo yẹn lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ọkọ̀ mi lọ, ó fi mí sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì ò dùn tó èyí. Mo gbọ́ pé Bàbá Kékeré ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, pé wọ́n ń bọ̀ wálé pátápátá ní ìparí oṣù Kẹjọ. Mo tún gbọ́ pé ẹ ti ti yàrá wọn pa, pé ẹ kó àwọn àga ṣọ́ọ̀bù tó ti ṣẹ́ síbẹ̀. Bàbá, bàbá yín ló kọ́ yàrá méjì yẹn fún ẹ̀yin méjèèjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Àbúrò yín kan ṣoṣo tẹ́ ẹ jọ mu ọmú kan náà, níbo ni kí wọ́n sùn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi lésì tó nítumọ̀, ẹ má fi ẹ̀fẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ìṣe yín.

Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé bàtà tí wọ́n ní kí n rà, mi ò tíì rí èyí tó tóbi tó ẹsẹ̀ wọn.

Èmi ọmọ yín,
Abẹfẹ́lẹ́


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹta, 1995

Abẹfẹ́lẹ́, ọmọ tó ń fi ẹnu fá irun bàbá rẹ̀,

Mo rí ìwé rẹ. Mo kí ọ, mo kí ọwọ́ rẹ, mo sì kí Màdáámù Áyọ́ọ̀nù. Eékún mi ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹnu rẹ ni kó lọ fẹ̀yìn tì. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yàrá kankan. Irọ́ ló ń pa, mo sì ti sọ fún un pé irọ́ ló ń pa. Ó tún ní ẹsẹ̀ òun ò tóbi, pé àwọn tó ń ṣe bàtà lọ́hùn-ún ni ahun.

Ta ló sọ fún ọ pé Onírun lè kú? Irú wọn kì í kú. Ikú á gbọ́ ariwo gìtá lókèèrè, á gba ilé ẹlòmíràn lọ.

Ó dáa, yàrá. Ẹ̀yìn ìyá rẹ lo wà lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹlòmíràn ló sì ròyìn rẹ̀ fún ọ. Wá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí wọ́n ṣe é fún. Èmi àti àbúrò mi la jọ ra àwo yẹn. Àwo kan ṣoṣo tí a ní nìyẹn. Òun la fi kọ́ gìtá, òun la fi kọ́ orin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò gbọ́ èdè ọkùnrin náà rárá. Ohun tí etí bá gbé wá ni ẹnu wa ń sọ. Láàárín orin kejì, Onírun á ké gbólóhùn kan lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, lẹ́yìn náà ni ìlù á wọlé. Ọmọ tó ń rá nílé wa mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni.

Àbúrò mi wá lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè, ó lo ọdún kan lọ́hùn-ún, ó padà wálé fún ìsinmi. Olórí ilé-ìwé àdúgbò ń fẹ̀yìn tì, wọ́n ní ká wá ṣeré. Èmi lólórin, òun lonígìtá. Mo wọ ṣòkòtò kan tó fún mi débi pé mo lè dúró, mo lè fò, àmọ́ mi ò lè jókòó. Gbogbo ayé wà níbẹ̀. A dé ibi ariwo. Mo ké ìkíní. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu fún ìkejì ni mo rí i pé àbúrò mi ti bá gìtá rẹ̀ lọ bí ọkọ̀ tó gbàgbé èrò! Èmi nìkan ni mo dá ké ìkejì àti ìkẹta láàárín èrò. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Olórí ilé-ìwé rẹ́rìn-ín títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi bọ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n sọ mí ní Lẹ́ẹ̀mẹta, orúkọ náà ò sì tíì bọ́ lára mi di òní olónìí.

Nígbà tí mo bi í, kí ló wí? Ó ní òun ti gbọ́ orin náà lórí rédíò lọ́hùn-ún, pé ẹ̀ẹ̀kan ni Onírun ń ké e, pé àwo wa ló ní àpá tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ fi ń ta padà. Àpá! Lára àwo tí mo ń fi aṣọ múlọ́múlọ́ nù bí ojú ìkókó! Mo ní kó tọrọ àforíjì, ó ní kí n lọ ra àwo mìíràn. A ò bára wa sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ọlọ́run ló wá gbé Onírun wá sẹ́nu ọ̀nà rẹ. Lọ síbẹ̀. Fi etí ara rẹ gbọ́ ọ. Bí ó bá ké e lẹ́ẹ̀mẹta, àbúrò mi á dọ̀bálẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù lójú àwọn oníbàárà kó tó fẹsẹ̀ kan yàrá yẹn. Bí ó bá ké e lẹ́ẹ̀kan, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀, èmi fúnra mi á ṣí yàrá, màá gbá a, màá sì ru àpótí rẹ̀ wọlé lórí mi tó pá yìí.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹrin, 1995

Bàbá mi,

Ẹ kú ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ka ìwé yín fún Màdáámù Áyọ́ọ̀nù, mo ń túmọ̀ rẹ̀ bí mo ṣe ń kà á. Nígbà tí mo dé ibi eyín olórí ilé-ìwé, ó fi áyọ́ọ̀nù jó ìrọ̀rí kan. Ó ní òun náà ń bọ̀ wá síbi orin náà. Ó ní òun ti lọ wo Onírun rí nígbà tí òun wà lọ́mọge, òun sì dá kú níbẹ̀. Mo ní ṣé orin ló wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀? Ó ní rárá o, bàtà ló fún òun.

Mo gbà láti lọ, tíkẹ́ẹ̀tì ti wà lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ yín, Bàbá. Lọ́jọ́ tí ẹ gé etí ọmọ Télọ̀, ẹ ní etí ọmọ náà ló gùn jù. Bí mo bá kọ̀wé pé ẹ̀ẹ̀kan ni, ẹ ò ní sọ pé ìdọ̀tí ti dí mi létí? Ẹ búra fún mi kí n tó lọ. Ẹ fi ohun tí ẹ fẹ́ràn búra, kì í ṣe èmi, torí mo mọ̀ pé ẹ lè fi mí ṣeré.

Bàbá Kékeré ti dàgbà. Wọn ò bímọ, ìyàwó wọn sì ti kú. Bí wọ́n bá débẹ̀ tí wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọn ò ní bẹ̀ yín, ẹ mọ̀ pé orí kunkun yín ò ju tiwọn lọ. Wọ́n á kàn yí padà ni. Ẹ ò sì ní rí wọn mọ́ láyé.

Èmi náà ni,
Abẹfẹ́lẹ́


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Karùn-ún, 1995

Abẹfẹ́lẹ́,

Mo fi abẹ, kọ́ọ̀mù àti dígí ṣọ́ọ̀bù búra. Ó tó tàbí kò tó? Etí ọmọ Télọ̀ sì gùn jù lóòótọ́, gbogbo ayé ló mọ̀.

Àbúrò mi ti fi gìtá rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, inú ọkọ̀ akẹ́rù ló bá wá. Ìyá rẹ gbé e dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ń kọjá lára rẹ̀ láràárọ̀, mi ò kí i.

Ohun kan kù. Ojú oníṣẹ́ ọwọ́ ni kí o fi bá mi wo irun ọkùnrin náà. Àgbàlagbà kì í ní irú irun yẹn lásán. Bí ó bá ń lo ìpara kan, mọ orúkọ rẹ̀ wá.

Èmi bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kẹfà, 1995

Bàbá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí. Bí oníbàárà bá wà lórí àga, ẹ gẹ tirẹ̀ tán ná, kí a má tún bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ etí.

Òjò rọ̀ láàárọ̀, pápá ti di ẹrọ̀fọ̀. Màdáámù Áyọ́ọ̀nù wọ bàtà rọ́bà tí a fi ń ṣiṣẹ́, ó ní bàtà ò ní dá òun kú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a wọlé, mo wọ̀tún, mo wòsì, mo rò pé a ti ṣìnà wọ ilé ìwòsàn. Arúgbó ni gbogbo èèyàn. Ọ̀pá ìtilẹ̀ níhìn-ín, awò ojú lọ́hùn-ún, ọkùnrin kan ń fi òróró ra eékún ìyàwó rẹ̀. Bàbá tó wà níwájú mi wọ awọ dúdú látòkè délẹ̀ bí ọmọ ìta, ó sì ń bi ìyàwó rẹ̀ pé ṣé òun ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru.

Oòrùn ṣì wà lókè nígbà tí Onírun jáde. Ọkùnrin kan di apá rẹ̀ mú gun àtẹ̀gùn. Bó ṣe dókè, ó já apá gbà bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi ọṣẹ wẹ̀, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó fọwọ́ gbá a lẹ́ẹ̀kan. Bàbá! Etí kọ́ ni mo fi gbọ́ ọ, ikùn ni. Sípíkà tí wọ́n tò síbẹ̀ ga ju ilé wa lọ. Gbogbo àwọn tó ń rọ̀ mọ́ ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Nígbà tí mo máa fi bojú wẹ̀yìn, Màdáámù Áyọ́ọ̀nù ti ju báàgì rẹ̀ nù.

Mi ò ní purọ́ fún yín, ó ti darúgbó. Ó gbàgbé ọ̀rọ̀ orin kìíní, ó wá ń wo onígìtá kejì bíi pé ẹni yẹn ló jí i. Ó ní kí wọ́n gbé àga wá. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ó fẹsẹ̀ taari rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn yẹn ṣì wà. Ó ti ha, ó ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, síbẹ̀ ó ń gé èèyàn.

Ọ̀rọ̀ irun tí ẹ bi mí: afẹ́fẹ́ kan fẹ́ wá láti ẹ̀yìn, irun náà gbéra, ó fò, ó lọ balẹ̀ sórí ìlù. Onírun rọra rìn lọ síbẹ̀, ó mú un, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi kọ́ orí igi máíkì, ó sì ń bá orin rẹ̀ lọ. Orí rẹ̀ pá, ó ń dán ju tiyín lọ. Mi ò gbọ́ irú ariwo tí àwọn èèyàn pa lọ́jọ́ náà rí. Wíìgì ni, Bàbá. Ẹ lè fi àìmọ̀kan tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo géńdé tí ẹ gẹ irun fún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló wá bẹ̀rẹ̀ orin wa. Bó ṣe fọwọ́ kan okùn àkọ́kọ́, mo rí ṣọ́ọ̀bù yín, mo gbóòórùn páúdà tí ẹ máa ń bù sí ọrùn àwọn èèyàn, ẹkún sì gbọ̀n mí. Gbogbo pápá ń kọ ọ́, èmi náà ń kọ ọ́. A dé ibi ariwo. Gbogbo wa ké e pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà gìtá dákẹ́, ìlù dákẹ́, gbogbo èèyàn mí sínú, torí ibẹ̀ ni orin náà ti ń sinmi díẹ̀ kí ìlù tó wọlé. Gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, àfi ọmọ onígbàjámọ̀ kan.

Bàbá, èmi nìkan ni mo ké ìkejì! Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ yẹn! Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń lọ káàkiri pápá. Ẹ rò pé ọgbọ́n á sọ fún mi pé kí n panu mọ́. Ohun tí a fi wàrà ìyá kọ́ kì í dúró lágbedeméjì, mo ké ìkẹta pẹ̀lú gbogbo agbára mi.

Onírun gbé ọwọ́ sókè, ìlù ò wọlé. Ó fọwọ́ bo iwájú orí, ó ń wo inú èrò. Ó ní, "Ta nìyẹn?" Kí ẹ wá wo Màdáámù Áyọ́ọ̀nù, ọ̀rẹ́ àtàtà: ọwọ́ méjèèjì ló fi ń nà mí. Onírun ní, "Kí ló dé tí o fi ké e lẹ́ẹ̀mẹta?" Mo ké mọ́ ọn pé, "Bẹ́ẹ̀ ló wà lórí àwo bàbá mi!" Ó wá bú sẹ́rìn-ín, ó rín títí ó fi jókòó sórí àga tó taari lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Ọmọbìnrin, àwo bàbá rẹ ní àpá." Gbogbo pápá ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Mo ti mọ bí ó ṣe rí lára yín lọ́jọ́ olórí ilé-ìwé báyìí, mo sì bá yín kẹ́dùn tọkàntọkàn.

Ṣùgbọ́n kò tíì parí. Ó dìde, ó ní, "Àmọ́ tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ bí bàbá ọmọ yìí ṣe mọ̀ ọ́n." Ó sì gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, gbogbo pápá yẹn, tọlọ́pàá tarúgbó, ké e lẹ́ẹ̀mẹta fún yín. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Mo sì gbọ́ èdè wọn nísinsìnyí. Ṣé ẹ fẹ́ mọ ohun tí ẹ ti ń fi gbogbo ayé yín ké? "Ṣílẹ̀kùn, èmi ni mo dé." Ohun tó ń sọ nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀ẹ̀kan ni, Bàbá. Ẹ gbé ìgbálẹ̀.

Ọmọ yín,
Abẹfẹ́lẹ́


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Keje, 1995

Bàbá mi,

Mo ti kí yín nínú ìwé tó kọjá, ẹ ò dá mi lóhùn, nítorí náà ìkíni yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ojoojúmọ́ ni mò ń bi olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà pé ṣé ìwé dé, ó ti ń rò pé ọkùnrin kan ló já mi sílẹ̀. Màdáámù Áyọ́ọ̀nù ní bí ìyà bàbá bá ń jẹ ọmọ tó báyìí, òun dúpẹ́ pé òkú ni tòun.

Oṣù Kẹjọ ti dé tán. Abẹ, kọ́ọ̀mù àti dígí ń wò yín o.

Abẹfẹ́lẹ́


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ, 1995

Abẹfẹ́lẹ́, agbẹjọ́rò Onírun,

Iṣẹ́ ló pọ̀ tí mi ò fi tètè kọ̀wé. Orí ń hu irun lójoojúmọ́, kò mọ̀ pé ọmọ mi ń retí èsì.

Mo ka ìwé rẹ fún àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn ló gbà pé mo jàre. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́: "Tirẹ̀ dùn ju tèmi lọ." Ẹnu ẹni tó ni orin ló ti jáde. Gbogbo pápá ló sì ké e lẹ́ẹ̀mẹta. Àdéhùn wa ni pé bí Onírun bá ké e lẹ́ẹ̀mẹta, àbúrò mi á dọ̀bálẹ̀. Ó ké e lẹ́ẹ̀mẹta, àbí kò ké e? Ti ẹ̀ẹ̀kan tó kọ́kọ́ ké yẹn, arúgbó ni, ìwọ náà ló sọ pé ó ń gbàgbé ọ̀rọ̀. Ọkùnrin tó ń fi irun olókùú bo orí láti ọjọ́ yìí, ṣé ẹ̀rí rẹ̀ ni a ó fi lé èèyàn kúrò lórí òtítọ́?

Kí ó wá dọ̀bálẹ̀. Mi ò lóhun mìíràn láti sọ.

Èmi bàbá rẹ

Ọmọ mi, èmi ìyá rẹ ni mo kọ ìsàlẹ̀ yìí. Ó ní kí n lẹ ìwé náà pa, mo kọ́kọ́ kà á ná. Má dá a lóhùn bí ẹni tó ń bá a jà. Kò ka apá ibi tí wọ́n ti ní àwo ní àpá fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ tí ìwé rẹ dé, ó ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán gangan, ó sọ àwo yẹn kalẹ̀ láti ara ògiri, ó mú dígí, ó gbé àwo náà síbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó ń yí i, ó ń yí i. Mo rí i nígbà tí ìka rẹ̀ dúró lójú kan. Ó mú kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn kúrò lórí ìṣó, àpò rẹ̀ ló wà látìgbà náà, a máa fọwọ́ kàn án. Inú ò bí i mọ́, ojú ló ń tì í. Ọkọ mi sì lè gbé ìbínú fún ogún ọdún, kò lè gbé ìtìjú fún ọjọ́ kan. Bàtà mi ńkọ́?


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, 1995

Bàbá mi,

Ẹ kú orí fífá. Mi ò fẹ́ bá yín jiyàn, ẹ jàre, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀ẹ̀mẹta, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ yín. Ohun tí mi ò sọ fún yín dáadáa nínú ìwé yẹn ni mo fẹ́ sọ.

Nígbà tí irun Onírun bọ́, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rò pé ó ti tán nìyẹn, pé á sá wọlé. Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, irun yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Ẹ bá rí bó ṣe gbọn ekuru kúrò lára rẹ̀ tó fi kọ́ igi, bí ẹni tó bọ́ fìlà nígbà tó wọlé. Kó tó dìgbà náà, à ń pàtẹ́wọ́ fún un ni. Lẹ́yìn ìyẹn la wá fẹ́ràn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó rántí irun mọ́ nígbà tí à ń lọ sílé.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Bàbá, bẹ́ ẹ bá jàre, bẹ́ ẹ bá jẹ̀bi. Mo mọ̀ pé Bàbá Kékeré náà nífẹ̀ẹ́ yín, torí kò sẹ́ni tó máa fi gìtá rẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú sílé ọ̀tá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n yí padà lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ sọ fún ìyá mi pé mo ti rí bàtà. Ti ọkùnrin ni, àmọ́ wọ́n kun ún ní pupa.

Abẹfẹ́lẹ́ yín


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Kẹsàn-án, 1995

Abẹfẹ́lẹ́ mi,

Mo kí ọ. Bàtà dé, ìyá rẹ ń wọ̀ ọ́ káàkiri ilé, kò bọ́ ọ láti dáná. Mi ò sọ fún un pé ti ọkùnrin ni, torí mo fẹ́ràn ẹ̀mí mi.

Àbúrò mi dé lánàá. Oníbàárà mẹ́rin ló wà ní ṣọ́ọ̀bù, Télọ̀ wà lórí àga, mo ti fá apá kan orí rẹ̀, apá kejì kù. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Mo wojú dígí, mo rí i lẹ́yìn mi níta, òun àti àpótí méjì. Ó ti rù, ó ti hewú, ó dúró bíi bàbá wa. Kò kí mi, èmi náà ò kí i. Ó kọjá lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì rò pé gìtá rẹ̀ ló fẹ́ gbé kó máa lọ. Ojú mi kúrò lórí Télọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi bẹ̀ mí pé kí n gbé abẹ sílẹ̀.

Ó gbé gìtá jáde lóòótọ́. Àmọ́ kò lọ. Ó jókòó lórí àpótí rẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó yí okùn rẹ̀ díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin náà.

Kí ni kí n ṣe? Ẹnu mi ò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Mo jáde síta pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́. Bí a ṣe ń sún mọ́ ibi ariwo, mo sọ fún ara mi pé, òní ni màá bọ́ wíìgì. Mo ti rí àpá náà, Abẹfẹ́lẹ́. Ìyá rẹ rò pé mi ò mọ̀ pé ó ń wò mí. Kò ju irun ojú lọ, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní màá ké e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lójú gbogbo wọn, kí àbúrò mi lè mọ̀ pé mo gbà.

A débẹ̀. Mo ké e lẹ́ẹ̀kan, mo bọ́ síwájú. Àbúrò mi ò bá mi lọ! Ó dúró sẹ́yìn, ó ń ta okùn kan náà, ó ń retí ìkejì, ó tún ń retí ìkẹta. Àṣé ó ti pinnu láti inú ọkọ̀ pé òun á jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n òun ké e lẹ́ẹ̀mẹta tirẹ̀. Orin dàrú. Èmi wà níwájú, òun wà lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ kìíní, àfi pé a ti pàrọ̀ àyè. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, Télọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jábọ́ lórí àga pẹ̀lú ààbọ̀ orí rẹ̀.

Inú bí mi. Mo ní, "Ìwọ lo sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ni!" Ó ní, "Ìwọ lo sọ pé ẹ̀ẹ̀mẹta ni!" Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí a bára wa sọ láti ọjọ́ tí o wà lẹ́yìn ìyá rẹ nìyẹn. Mo ní, "O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí wọ́n tún lè fi mí rẹ́rìn-ín!" Ó ní, "Àbí ìwọ lo mọ̀ọ́mọ̀!" Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ohun tí a ń jà lójú títì. Mo fa kọ́kọ́rọ́ yọ, mo ṣí yàrá, mo ru àpótí rẹ̀ wọlé lórí mi, kò jẹ́ kí n ru ìkejì, a tún fi ìyẹn jà. Mi ò ráyè gbálẹ̀, ìbúra mi ò pé tán. Ó jókòó lórí àga ṣọ́ọ̀bù kan tó ti ṣẹ́, mo jókòó lórí èkejì.

Inú rẹ̀ ń bí i, inú mi ń bí mi. Ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí sí ọ. Láti àárọ̀ a ò tíì bára wa sọ̀rọ̀, àmọ́ inú yàrá kan náà la ti ń bínú.

Èmi bàbá rẹ,
Lẹ́ẹ̀mẹta